Ìbúra Tí Fáwùnmí Kò Ṣe

Inú kòtò epo ni Oyèkẹ́mi wà, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, ní ọjọ́ tí Àkànmú kọ́kọ́ rí i. Mọ́tò ọkùnrin náà ti rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ikpinlè, ní ilẹ̀ Benin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá ẹni tó máa bá mi ti mọ́tò."

"Epo dé orúnkún mi. Bí mo bá tì í, èmi ni n ó kọ́kọ́ ṣubú."

"Àbí o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ ẹ́. Orin ẹ wà nínú fóònù gbogbo ọmọ abúlé yìí. Ṣé orin ò lè ti mọ́tò ni?"

Àkànmú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bọ́ bàtà funfun rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí Oyèkẹ́mi máa parí iṣẹ́. Ìfẹ́ wọn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́nà mìíràn ju ìyẹn lọ.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn òbí wọn. Fáwùnmí, bàbá Oyèkẹ́mi, ń bọ òrìṣà ilé wọn. Mùsùlùmí ni Fàdílátù, ìyá Àkànmú, ní Adja-Ouèrè, ó sì ti wá ọmọ alájì kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. "Jẹ́ kí òjò dá," ni Àkànmú máa ń wí. "Lẹ́yìn náà, n ó wá tọrọ rẹ, Kẹ́mi mi."

Òjò kò tíì dá tí aburú fi dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mọ́tò Àkànmú gbá Ṣàngódélé, àgbẹ̀ kan tó ru àgbàdo bọ̀ láti oko. Mọ́tò náà kò dúró. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Ṣàngódélé nílé ìwòsàn.

Àkànmú sọ ní kóòtù pé Zacharie, awakọ̀ òun, ló wa mọ́tò. Zacharie sì ti sá lọ sí Nàìjíríà. Ṣàngódélé nìkan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì gbọ́ Faransé. Ògbufọ̀ kóòtù ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Fáwùnmí, nítorí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ àti olórin náà nígbà yẹn.

Adájọ́ ní kó gbé ọwọ́ sókè, kó búra.

"Nílé tiwa, a kì í búra sórí ohun tójú wa ò rí," ni Fáwùnmí fèsì. "Èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin yìí bá sọ ni n ó sọ, n ò ní fi kún un, n ò ní yọ kúrò níbẹ̀."

Adájọ́ ń kánjú. Ó ní kí ẹjọ́ máa lọ. Fáwùnmí túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ṣàngódélé sí Faransé, wọ́n sì rán Àkànmú lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Nígbà tó lo ọdún kan níbẹ̀, agbẹjọ́rò kan láti Cotonou ka ìwé ẹjọ́ náà, ó sì rí i pé ògbufọ̀ kò búra. Kóòtù ńlá ní òfin kò gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ pé Àkànmú jẹ̀bi. Wọn ò sọ pé kò jẹ̀bi. Wọ́n ní kí wọ́n ka ẹjọ́ náà sí ohun tí kò wáyé rí, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Orí Oyèkẹ́mi dàrú. Báwo ni ohun tó wáyé ṣe lè má wáyé? Ẹsẹ̀ Ṣàngódélé ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà kò wáyé? Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún, kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí inú òun dùn.

Ní Adja-Ouèrè, àwọn ọ̀dọ́ ń fọn fèrè alùpùpù kiri ìlú. Ọjọ́ yẹn náà ni Àkànmú gbàgbé ara rẹ̀, tó sọ lójú gbogbo èèyàn pé Oyèkẹ́mi ni òun máa fẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé Ikpinlè.

"Fáwùnmí mà gbọ́n o!" ni àwọn obìnrin ń wí nídìí kànga. "Ó mọ̀ pé àna òun ni, ló ṣe kọ̀ tí kò búra."

Fàdílátù ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó gbé ìrẹsì àti ààyè àgbò wá, ó kúnlẹ̀ lójúde Fáwùnmí. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ tú ọmọ mi sílẹ̀."

"Èmi ò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀!" ni Fáwùnmí pariwo. "Gbé àgbò rẹ kúrò níwájú ilé mi, obìnrin yìí, kí aráyé má rí i!"

Aráyé ti rí i. Fáwùnmí pe ọmọ rẹ̀ sínú ilé.

"Bí o bá fẹ́ ẹ, òǹtẹ̀ lo fi lu ọ̀rọ̀ wọn yẹn. Wọ́n á ní mo ta ẹsẹ̀ Ṣàngódélé kí n lè rí ọkọ fún ọmọ mi."

Àkànmú wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Ó ti rù.

"Kẹ́mi mi, mo dé, o ò sì rẹ́rìn-ín."

"Ta ló wa mọ́tò?"

"Agbẹjọ́rò ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti dákẹ́, ó parí."

"Èmi kì í ṣe adájọ́. N ò ní ìwé lọ́wọ́. Ta ló wa mọ́tò?"

Ó jókòó sílẹ̀. "Èmi ni. Zacharie ò tiẹ̀ sí nínú mọ́tò. Èmi ni mo ní kó sá."

"Kí ló dé tí o ò dúró?"

"Mo rò pé ewúrẹ́ ni." Ó mi orí. "Rárá, irọ́ ni mo pa. Mo rí i pé èèyàn ni. Ẹ̀rù bà mí."

Oyèkẹ́mi retí kí ọkàn òun kórìíra rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kọ̀. Ó bínú sí i, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì rí ẹni tó lè bi léèrè bóyá orí òun ṣì pé.

"Lọ sọ ọ́ fún Ṣàngódélé."

"Wọ́n á tún mú mi!"

"Wọ́n á mú ẹ."

"Ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ kí n padà sí?"

"N ò mọ ohun tí mo fẹ́, Àkànmú. Ìwọ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni wọ́n ń pè ní òpùrọ́ nítorí rẹ, n ò sì lè máa se ọbẹ̀ fún ẹ lórí ìyẹn."

Inú bí i, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Oyèkẹ́mi kò jẹun, kò sì mọ̀ bóyá òun ti ṣe rere tàbí òun ti ṣe wèrè.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n wá pè é sí ilé Ṣàngódélé. Àkànmú wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níwájú Ṣàngódélé, Fàdílátù ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti mọ̀," ni Ṣàngódélé wí. "Mo rí ojú ẹ. Mo sọ ọ́ ní kóòtù, Fáwùnmí sì gbé e bí mo ṣe sọ ọ́. O mọ orin kọ, ọmọ yìí, o ò mọ mọ́tò dá dúró." Ó nawọ́ sí àga. "Dìde nílẹ̀. Jókòó."

Fàdílátù yíjú sí Oyèkẹ́mi. "Ìwọ lo tì í! Ọmọ mi ti bọ́, ìwọ lo tún tì í wọlé!" Oyèkẹ́mi gbà á. Òótọ́ ni.

Àkànmú lọ fi ara rẹ̀ hàn fún ọlọ́pàá. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ dá, wọ́n ní kó lọ parí ọdún méjì tó kù. Nídìí kànga, ẹnu àwọn obìnrin wọhò.

"N ò sọ pé kí o fẹ́ ẹ," ni Fáwùnmí wí fún ọmọ rẹ̀. "N ò sì sọ mọ́ pé kí o má fẹ́ ẹ."

Ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́, Oyèkẹ́mi gbé gààrí àti ẹja díndín lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà ṣí ìwé ńlá kan.

"Ẹbí nìkan ló ń wọlé. Kí lo jẹ́ sí i?"

Kò sẹ́ni tó tíì tọrọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan ìdána wá. Òun gan-an ló tún dá ọkùnrin náà padà síbẹ̀. Ó gbé ìdì gààrí rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ìyàwó ọmọ mi ni," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Fàdílátù ni, ó gbé abọ́ oúnjẹ tirẹ̀ dání, ojú rẹ̀ le koko, kò sì wo Oyèkẹ́mi. "Kọ ọ́ síbẹ̀."

Wọ́dà kọ ọ́. Àwọn méjèèjì jọ wọlé, kálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání.