Páàdì Kejì fún Ọwọ́ Baba

"Baba, ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i. Díẹ̀ péré."

Dókítà Jummai di ìgúnpá Baba Àlàó mú, ó ń rọra tì í sókè. Òógùn bo iwájú orí baba náà, ó fi eyín tẹ ètè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò kọjá orókún tó fi tún já bọ́ sórí itan. Baba wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn.

"Ó tó báyìí, ọmọ mi," ni Baba wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ọwọ́ ló ní ó rẹ̀ o, kò ní ó rẹ òun. Bí Baba ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ náà nìyẹn láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a wó láàárín oko rẹ̀ ní Òkè-Oyì, tí wọ́n sì gbé e wá sí ilé ọmọ rẹ̀ ní Basin, nílùú Ìlọrin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ó ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé pálọ̀. Ọwọ́ ló takú. Ìyà ńlá sì nìyẹn fún irú Baba Àlàó. Ládàánì ni lábúlé wọn, òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kan ẹnu rí láyé. Ó ní òun kò ní í fi ọwọ́ tí òun fi ń ṣan ìdí jẹ oúnjẹ Ọlọ́hun. Nítorí náà, Màsúdát, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Abdulmumini, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Mumini, ló ń bá a ṣe àlùwàlá. Bí ọmọ náà bá ti ń bu omi sí i lójú, ńṣe ni Baba á di ojú pa. Ojú ń tì í, àgbàlagbà tí wọ́n ń wẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Dókítà Jummai, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ti rọ láti tún máa ṣiṣẹ́, ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ lọ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Mumini, ta ló ni géèmù yìí?"

"Tiwa ni, mà. Àbúrò bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n ń kó lọ sí Àbújá."

"Ṣé èyí tí wọ́n máa ń fì páàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ni?"

Mumini tan ẹ̀rọ náà, ó sì mú páàdì rẹ̀. Kò ní wáyà kankan. Bí o bá fì í bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n náà á fi ọwọ́ tirẹ̀ gbá a. Bí o kò bá fì í dáadáa, bọ́ọ̀lù á kọjá lọ, wọn á sì jẹ ọ́.

Dókítà pàtẹ́wọ́. "Ohun tí mo ń wá nìyí! Ṣùgbọ́n ìyá Mumini, ẹ bá wa wá páàdì kejì. Bí Baba bá ń dá a gbá, á sú wọn. Bí wọ́n bá ń bá ọmọ-ọmọ wọn díje, ẹ ó rí i bí ọwọ́ yẹn á ṣe máa jà. Ìsinsìnyí ló sì yẹ, torí ọwọ́ tó bá pẹ́ jù láìṣiṣẹ́ a máa gbàgbé iṣẹ́."

Baba gbé ojú sókè. "Dókítà, ṣé mo tún lè bu omi sí ara mi ṣe àlùwàlá?"

"Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, Baba. Bí ẹ bá ṣáà ti ṣiṣẹ́ fún un."

Ọkà ni Màsúdát ń tà ní ọjà Ìpàtà. Nínú owó tí ì bá fi ra àpò ọkà tuntun ló ti yọ owó páàdì. Ó kó o lé Mumini lọ́wọ́ ní àárọ̀ Sátidé. "Òpópónà Táíwò ni kí o lọ o. Ojúlówó ni kí o rà. Ọwọ́ baba bàbá rẹ ni mo rán ọ lọ rà yẹn, má ṣe é ṣákálá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì."

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ rere, òun àti Abdulmateen ló jọ lọ. Abdulmateen yìí ni kápútẹ́nì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò wọn. Òun ló ti sọ fún Mumini pé ẹni tí kò bá ní bàtà bọ́ọ̀lù, kó máa bá àwọn ru omi. Àtàǹpàkò Mumini ti yọ jáde nínú bàtà tirẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Oníṣọ́ọ̀bù kó páàdì méjì síwájú wọn. Ọ̀kan wà nínú páálí rẹ̀, ojúlówó. Wọ́n ti lo èkejì gbó, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkùnrin náà kò tiẹ̀ parọ́ fún wọn. "Èyí, iná rẹ̀ ń tàn o, ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí pé ó máa bá ẹ̀rọ yín ṣiṣẹ́."

Abdulmateen fi ìgúnpá gún Mumini. Bàtà wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí i, pupa fòò, wọ́n so ó kọ́ sójú ọ̀nà. "Ra ti pọ́ọ́kú, jàre, kí o fi ìyókù ra bàtà. Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́, páàdì tí kò ṣiṣẹ́, ṣebí wọ́n bára wọn mu!"

Mumini rẹ́rìn-ín. Àní, ó rẹ́rìn-ín! Ọwọ́ tó gbé e pọ̀n ní kékeré, tó bá a gé ìrèké lóko Òkè-Oyì, òun ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀ tó sì rẹ́rìn-ín sí. Ó gbé bàtà sínú báàgì, ó fi páàdì burúkú náà lé e lórí.

Nígbà tó délé, iná ara páàdì náà tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Mumini fì í títí, òkú ni. Ara rẹ̀ wá tutù. Màsúdát ti ń gbé àga Baba bọ̀ wá síwájú tẹlifíṣọ̀n, Baba sì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ látọ̀nà jíjìn. Kí ni kó ṣe? Ó ní ọgbọ́n kan: ó tẹ ẹ̀rọ náà kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnì kejì. Ó so okùn òkú páàdì mọ́ ọwọ́ Baba. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bó bá di ìsinmi, òun á ṣe iṣẹ́, òun á ra ojúlówó, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Baba fún eyín pọ̀, èjìká rẹ̀ mì díẹ̀, ọwọ́ náà yẹ̀ gẹ́rẹ́ lórí itan. Nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan fò sókè, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà padà pàá!

Baba la ẹnu sílẹ̀. "Mumini! Ṣé èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Baba."

Ọ̀rọ̀ tó ba gbogbo nǹkan jẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Baba fi ọwọ́ òsì nu ojú, ó ń wí pé, "Alihamudulilahi, Alihamudulilahi." Màsúdát bú sẹ́kún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í gbá a. Baba ń jẹ Mumini lójoojúmọ́, ó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ilé ìwé, arúgbó tún nà ọ́!" Ó tẹ àwọn ará Òkè-Oyì láago pé kí wọ́n má yan ládàánì mìíràn, òun ń bọ̀. Àwọn kan gbé iṣu wá kí i lórí ọ̀kadà, Baba sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn wò. Ariwo wọn dé títì.

Ṣùgbọ́n Mumini rí ohun tí àwọn yòókù kò rí, Dókítà Jummai kò sì tíì padà wá wo ọwọ́ náà. Níjọ́ àkọ́kọ́, Baba ń làágùn kó tó lè mi ọwọ́ náà. Nígbà tó rí i pé bó mi ìka lásán, ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n á gbá a, kò wá agbára mọ́. Ọwọ́ tó ń dé orókún tẹ́lẹ̀ kò kúrò lórí itan mọ́. Mumini rí i, ó sì pa ẹnu mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pe ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, páàdì yẹn..." Màsúdát gbá a mọ́ra, ó ní Ọlọ́hun á fún un ní ọmọ tó máa tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mumini bá wọlé lọ sùn. Purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ́ kì í tètè dé, iyì ló máa ń kọ́kọ́ dé, ìyẹn ló ń tan ọmọ aráyé.

Ọjọ́ tí ẹ̀tẹ́ dé, Mumini wà lórí pápá pẹ̀lú bàtà pupa tó ń gbé pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó yẹ kó ti wà nílé kí àkókò ìrun Alásárì tó tó, kó lè bu omi fún Baba, ṣùgbọ́n ọ̀mì ni wọ́n ta, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbá pẹnáríìtì. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìpàtà.

Nígbà tó wọ ojúlé wọn, búta àlùwàlá ló kọ́kọ́ rí, ó dojú dé nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, omi ti ṣàn lọ. Ìyá Kọ́lá, tíṣà ará Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé ní ilé kejì, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí Baba lé itan.

"Mumini, níbo lo wà? Baba ṣubú! Mo ti ránṣẹ́ pe ọkọ̀. Jésù, gbà wá o!"

Egungun ìbàdí ló kán. Ní ọsibítù, Baba dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Nígbà tó rí Mumini, òun tún ni ó ń bẹ ọmọ.

"Má bínú, mo kó ìdààmú bá yín. Mo gbọ́ ìpè ìrun, n kò rí ọ, mo ní kí n má dà ọ́ láàmú. Mo gbé búta sí ọwọ́ òsì, mo fi ọ̀tún di irin àtẹ̀gùn mú. Ṣebí òun ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù? Ló bá tú sílẹ̀." Ó wo ọwọ́ náà. "Mumini, kí ni mo ṣe fún un? Kí ló dé tó fi dà mí?"

Mumini wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Baba, kò dà yín. Èmi ni. Páàdì yẹn kò ṣiṣẹ́ rí. Mo fi owó ra bàtà."

Màsúdát, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, rọra jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Ta ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù?" ni Baba béèrè.

"Ẹ̀rọ náà ni, Baba."

"Ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Ní gbogbo ìgbà yẹn."

Baba mi orí. Kò bú u, kò gbé e ṣépè. Ì bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn. Ó kàn wí pé, "Ẹ bá mi gbé ọwọ́ náà sábẹ́ aṣọ. N kò fẹ́ máa rí i."

Bàbá Mumini ló padà ra ojúlówó páàdì náà. Nígbà tí wọ́n gbé Baba délé, Dókítà Jummai wá. Ó ní ọwọ́ náà ti gbàgbé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé tán, bí Baba bá lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó so páàdì tuntun mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé e lé orí irọ̀rí. Baba kọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, èjìká náà mì, ọwọ́ náà fì díẹ̀. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n fì tirẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù sì kan igi ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ lóòótọ́ ni, kò sí màgòmágó níbẹ̀.

"Baba, ẹ̀yin ni!" Omijé dà lójú Mumini. "Wàláì, ẹ̀yin lẹ gbá a!"

Baba wò ó pẹ́. "Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe wí níjọ́ kìíní," ó wí.

Ó fi ọwọ́ òsì tú okùn náà, ó gbé páàdì sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ládàánì mìíràn ni wọ́n yàn ní Òkè-Oyì.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Owó tí Mumini ná kò pọ̀ kọjá ohun tí òbí lè tún wá, bàtà kì í sì í ṣe ohun èèwọ̀. Ìgbàgbọ́ baba kan ló tà, ìyẹn kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Táíwò. Bí ẹ bá parọ́ fún ẹni tó fọkàn tán yín, ẹ má rò pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ni yóò gba òtítọ́ lẹ́nu yín. Ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí irọ́ ṣì kéré, torí ìyà rẹ̀ kì í sábà mọ sórí ẹni tó pa á.

Mumini ṣì ń bu omi àlùwàlá fún Baba. Baba ṣì ń di ojú pa.