Ìlérí Alàgbà Ọlálẹ́yẹ àti Ẹ̀ka Tí Tiwalolúwa Yàn

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kan ló ń lọ lọ́wọ́ nílé Ọ̀gbẹ́ni Olúdọ̀tun ní Gbaji láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Baba ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ń ṣa ẹ̀wà, Tiwalolúwa ọmọ wọn sì jókòó ti fọ́ọ̀mù náà bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ilé ẹjọ́.

Tiwalolúwa ń parí ọdún kejì ní yunifásítì, ẹnjiníà ló sì fẹ́ dà. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, gbogbo àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ pa pọ̀ fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni kálukú yóò wá mú ẹ̀ka tirẹ̀: iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe tí wọ́n ń pè ní síbù, tàbí iná mànàmáná, tàbí epo rọ̀bì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Ẹni tó bá yàn tán tó wá ní òun ṣì í yàn, odindi ọdún kan ni yóò fi ṣòfò.

"Kí lo ṣì ń wò?" ni baba bi í. "Kọ epo rọ̀bì síbẹ̀, ká gbọ́ nǹkan mìíràn."

"Dádì, mo ṣì ń rò ó ni."

"Alàgbà Ọlálẹ́yẹ ti bá ẹ rò ó."

Ọ̀gá ni Alàgbà Ọlálẹ́yẹ ní ilé iṣẹ́ epo kan, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan náà ni òun pẹ̀lú wọn jọ ń lọ. Ó ti sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Olúdọ̀tun pé kí ọmọ náà ṣáà ti ka epo rọ̀bì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Láti ọjọ́ yẹn ni baba ti ń pe ọmọ ní "ẹnjiníà elépo", títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a fọ mọ́tò.

Ẹ má bínú sí baba yìí. Èkìtì ló ti wá síbí, owó oṣù ìjọba ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, kò sì ní ojúlùmọ̀ kan tó lè ran ọmọ lọ́wọ́ ju àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ní àdúgbò wọn, ọmọkùnrin kan tó ti gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà ló ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí ẹnu ààlà Sẹ̀mẹ̀ lójoojúmọ́. Gbogbo ìgbà tí baba bá rí i ni àyà rẹ̀ ń já.

Ìṣòro Tiwalolúwa ni pé kò kórìíra epo rọ̀bì. Kò ṣáà mọ ohun tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé kẹ́mísìrì ń fojú rẹ̀ rí màbo, àmọ́ bí wọ́n bá ní kó ya afárá, tàbí kó ṣírò ìwọ̀n ẹrù tí òpó kan lè gbé, ó lè gbàgbé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìyẹn ko baba rẹ̀ lójú?

Mojí, ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, kì í gba nǹkan gbọ́ láìṣe àyẹ̀wò. Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ṣé ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ti jókòó ti ẹnjiníà níbi iṣẹ́ rí? Tiwa, wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Àǹtí Oyèrónkẹ́ wà níbi iṣẹ́ ní Iworo lónìí."

Oyèrónkẹ́ ti gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wọn rí. Ẹnjiníà síbù ni, òun ló ń bójú tó èbúté tuntun tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn apẹja ní Iworo. Nígbà tí Tiwalolúwa débẹ̀, ó rò pé wọ́n máa jókòó sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ni. Oyèrónkẹ́ dé akoto sí i lórí, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀n lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ dúró sínú ẹrẹ̀.

Ó dúró títí oòrùn fi kanrí. Ó rí i tí Oyèrónkẹ́ ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́. Wọ́n po kọnkéré kan, omi rẹ̀ pọ̀ jù, Oyèrónkẹ́ ní kí wọ́n dà á nù. Mautin, ọmọ Ègùn tó jẹ́ fóòmaǹ àwọn òṣìṣẹ́, bẹ̀bẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Kò pọ̀ púpọ̀."

"Mautin, lọ́jọ́ tó bá máa wó, ṣé ìwọ lo máa wà lórí ẹ̀?"

Mautin dà á nù. Ẹsẹ̀ ń dun Tiwalolúwa, ṣùgbọ́n kò wo aago rárá.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti gàrí àti ẹja yíyan ni Oyèrónkẹ́ tó bi í léèrè.

"Ta ló ní kí o ka epo rọ̀bì?"

"Alàgbà Ọlálẹ́yẹ ni, Àǹtí. Wọ́n láwọn máa fún mi níṣẹ́."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Ìbéèrè yẹn ya Tiwalolúwa lẹ́nu. "Méjìdínlọ́gọ́ta. A ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí wọn lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ó ku ọdún méjì káwọn fẹ̀yìn tì."

"Ìwọ ńkọ́, ó ku ọdún mélòó kí o ṣetán?"

Tiwalolúwa kà á lọ́kàn. Ọdún mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́, ọdún kan fún sìnrúùlú. Mẹ́rin. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé o rí i," ni Oyèrónkẹ́ wí. "Ẹni tó bá ní òun máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Aṣọ ọrùn alàgbà dára lónìí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìwọ máa wá gba tìẹ, wọ́n á ti bọ́ tiwọn."

"Ṣé kí n kọ síbù nìyẹn, Àǹtí?"

"Torí pé o dúró nínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Rárá. Lọ gbé èsì ìdánwò ọdún méjèèjì síwájú, kí o wo ibi tí o ti mókè láìjẹ́ pé o ń pa ara rẹ. Wá ẹnì kan tó ń ka epo, kí o bi í bí ọjọ́ wọn ṣe ń rí. Kí o sì wádìí bóyá àjọ COREN tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà fọwọ́ sí ẹ̀ka tí o fẹ́ mú nílé ẹ̀kọ́ yín, torí bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, ìyà ló máa jẹ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ bí ẹnjiníà."

"Tí mo bá wá mú síbù, ṣé ẹ máa gbà mí síṣẹ́?"

Oyèrónkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ò ní ṣèlérí. Kọ̀wé wá nígbà tí IT yín, ìkọ́ṣẹ́ níta ilé ẹ̀kọ́, bá tó, a máa kà á bí a ṣe ń ka ti gbogbo èèyàn."

Nírọ̀lẹ́, Tiwalolúwa pe Hidayah, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn tó ń ka epo rọ̀bì ní ọdún kẹrin. Hidayah fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀ débi pé kò fẹ́ dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa òkúta abẹ́ ilẹ̀, nípa kẹ́mísìrì lójoojúmọ́, nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn tó ń wa epo ń lò lórí òkun láìdélé. "Ó dùn gan-an," ni Hidayah wí. Tiwalolúwa gbà pé ó dùn, fún Hidayah.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó sọ ìṣirò náà fún baba rẹ̀. Baba lọ bá Alàgbà Ọlálẹ́yẹ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Tiwalolúwa sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tó gbọ́ ìṣirò náà, Alàgbà fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Olúdọ̀tun, mi ò ronú débẹ̀," ni ó wí. "Mi ò parọ́ fún ẹ o. Bí mo ṣe wà nípò lónìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ibẹ̀ ni mo máa wà títí."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ló yẹ kí n béèrè."

Nínú mọ́tò, ojú ń ti baba, a ò ní fi pa mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ó sọ ọ́ jáde.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Tiwa. Ọjọ́ tí alàgbà ṣèlérí yẹn ni mo tó sùn dáadáa. Mi ò bi ẹ́ bóyá ìwọ ń sùn."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó yẹ èsì rẹ̀ wò, ó rí i pé iṣẹ́ yíyàwòrán àti ìṣirò lòun ti mókè jù, ó béèrè nípa COREN ní ọ́fíìsì fákọ́tì, ó rí i pé ẹ̀ka síbù wọn ní ìfọwọ́sí. Ó kọ síbù, ó sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má yan ẹ̀ka nítorí orúkọ tó ń dún, tàbí nítorí ẹni tó ní òun wà níbẹ̀. Ẹ wo èsì yín. Ẹ lọ síbi iṣẹ́ náà kí ọjọ́ fọ́ọ̀mù tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ dúró débi tí yóò fi rẹ̀ yín, nítorí ìgbà tó bá rẹ èèyàn ló ń mọ iṣẹ́ tó fẹ́ràn. Ẹ wádìí ìfọwọ́sí COREN. Ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ràn dára, ìbẹ̀rù yín náà ò burú, ẹ sọ ọ́ jáde kí ọmọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa jí lọ síbi iṣẹ́ náà fún ogójì ọdún ni kí ẹ fún ní kálàmù.