Ẹ̀rọ Pupa

Ọkùnrin náà káwọ́ lérí níwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bí Ìyá Ẹ̀rọ ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn.

Akọ̀wé ìpolówó tuntun ni, ní ilé ìtẹ̀wé tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀rọ yìí ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan fún iṣẹ́ gidi. Orí àga kan náà ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún méjèèjì, ojú dúdú kan náà, ìlà funfun kan náà. Akọ̀wé náà rò pé orí ẹ̀rọ ìdánwò lòun wà. Ó pa odindi ìwé kan rẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin arẹwà tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ…"

"Arẹwà kọ́ ló máa bá ọ wá a. Dìde."

Ẹ̀dà tí Ìyá Ẹ̀rọ ti fi pamọ́ ló fi dá ìwé náà padà. Kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún iṣẹ́ yìí. Ojú ló fi kọ́ ọ. Ó ṣí fáìlì kékeré tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ máa kọ síwájú kéèyàn tó tẹ àṣẹ, ó kun ìlà ẹ̀rọ ìdánwò ní àwọ̀ ewé, ó kun ti iṣẹ́ gidi ní pupa.

"Tó o bá ti rí pupa, ká ọwọ́ rẹ kò."

"Tí mo bá rí ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ká a kò náà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Lójoojúmọ́ ló ń wá béèrè nípa àwọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín wọn.

Ìyá tó bí Ìyá Ẹ̀rọ ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ń fẹ́ra. "Ẹni tó pa odindi ìwé rẹ́ ni màá fa ọmọ lé lọ́wọ́? Ẹni tó jẹ́ pé irọ́ ìpolówó ọṣẹ ni iṣẹ́ ẹ̀!"

Ìyá Ẹ̀rọ ò jiyàn. Ẹlẹ́nu dídùn kan ti já a sílẹ̀ rí, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá. Ó sọ fún akọ̀wé náà pé, "Ọ̀rọ̀ dídùn ti tó. Bó o bá ní nǹkan sọ, sọ ọ́ ní ìlà kan."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ gígùn kan láì gbójú sókè. Nígbà tó máa wo ojú ẹ̀rọ, àwọn lẹ́tà ti ṣẹ́rí padà, wọ́n ti gun ara wọn lórí. Ẹnì kan ti kun àwọ̀ tuntun láì fi àkámọ́ dè é, àmì tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé àwọ̀ kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ̀rọ wá ń ka àwọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ó pòṣé. Ó ṣí fáìlì náà kó lè tún un ṣe, ó wá rí ìlà tí wọ́n kọ síbẹ̀:

Ṣé wàá fẹ́ mi?

Kò sí ọ̀rọ̀ oyin kankan níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àkámọ́ sí i, kó tó wá pe akọ̀wé.

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí?"

"Mo gbàgbé ni. Ìdáhùn rẹ ni mò ń rò."

Ìyẹn ni Ìyá Ẹ̀rọ gbà gbọ́.

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Mo lọ bá wọn lánàá. Wọ́n bi mí bóyá mo ti ń fi ẹ̀dà iṣẹ́ mi pamọ́. Mo ní mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n ní kí n jókòó."

Àṣẹ kan wà nínú irú ẹ̀rọ yẹn tó ń jẹ́ "yes", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, "y" ni ẹ̀rọ á máa kọ, ìlà lórí ìlà, àfi téèyàn bá dá a dúró. Ìyá Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. "Y" bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí òjò.

"Olólùfẹ́, ẹ̀rọ iṣẹ́ gidi lo wà yẹn o!"

"Mo mọ̀," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí. "Mo rí pupa."