Láptọ́ọ̀pù Motọ́lání Tó Pòórá ní Ìyànà-Ìbà

Orí tábìlì ti ṣófo. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́rin wà nínú ìdérí ìgò, igi ìtayín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí wọ́n tú wọn lára rẹ̀ ti di àwátì.

Sájẹ́ǹtì Àníkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ní Ìyànà-Ìbà, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, aago mẹ́ta ku díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ìta, wọ́n ń lọgun pé kí wọ́n fa Kamaldeen, ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, jáde fáwọn. Kamaldeen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú fìlà ìrun lórí, kò lè gbójú sókè.

"Mà, ẹ gbà mí o!" Motọ́lání, ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù, ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. "Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Gbogbo kànga tí mo yẹ omi wọn wò láti Ìbà dé Òkokomáíkò, inú ẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo máa dúró gbèjà ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí mi ò bá dúró, yunifásítì tó gbà mí ní Kánádà á gbé àyè mi fún ẹlòmíì."

"O ò ní ẹ̀dà míì ni?"

"Èyí tó wà nínú fúláàṣì mi ti lé ní oṣù mẹ́jọ."

Ẹni tó kàwé tó báyìí! Àníkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Èyí tó wà nílẹ̀ ti tó ọmọ ọlọ́mọ.

Afọlábí, àfẹ́sọ́nà Motọ́lání, gbé ọwọ́ lé e léjìká. Tíṣà ni ní ilé-ìwé girama kan ní Òkokomáíkò, ọkùnrin jẹ́jẹ́. "Motọ́ mi, ó tó. Wọ́n á rí i."

"Òun ló máa ń bá mi di ojú láptọ́ọ̀pù náà mú tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́," ni Motọ́lání wí. "Hínjì ẹ̀ ti yẹ̀. Tí mo bá ṣí i, ńṣe ni ojú ẹ̀ máa ń ṣubú sẹ́yìn."

Àníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ Kamaldeen. "Kí lo ṣe sí hínjì náà?"

"Irin ẹ̀ ò bàjẹ́, Mà. Rọ́bà tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ ló fọ́. Mo da báékìn páúdà síbẹ̀, mo wá ń fi igi ìtayín kán súpà gúlù lé e. Tó bá gbẹ, á funfun, á le bí òkúta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán èyí tó gbẹ̀yìn, kò tíì gbẹ, ni wọ́n pèrun. Mo gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, mo lọ."

"Àga? O ò ti ilẹ̀kùn?"

"Bí a ṣe ń ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn, Mà. Ẹni tó bá rí àga á mọ̀ pé a lọ kírun. Ìṣẹ́gun á sì máa bá mi fojú sí i."

Àníkẹ́ ní kó na ọwọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mọ́ tónítóní.

Ìṣẹ́gun ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, Àníkẹ́ sì kó gbogbo wọn bọ́ síbẹ̀. Yíǹkì dúdú ti bo ìka Ìṣẹ́gun.

"Mo gbọ́ pé ìwọ àti Kamaldeen jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Lórí ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ mi ni, Mà! Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe máa wá jalè?"

"Ta ló wà níbí nígbà ìrun?"

"Tíṣà nìkan." Ó nawọ́ sí Afọlábí. "Wọ́n gbé ìwé ìdánwò wá fún fọ́tókọ́pì. Bí iná ṣe lọ, mo bọ́ sẹ́yìn lọ tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Ó yọ mí lẹ́nu díẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Páálí kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n ti fi téèpù dì í yípo. Àníkẹ́ fi ẹsẹ̀ kàn án.

"Tèmi nìyẹn, Mà," ni Afọlábí wí wéré. "Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i kó tó dọ́jọ́ ìdánwò."

Òótọ́ ni, òfin ni. Àníkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Ẹ̀yin náà ò wá rí ẹni tó sún àga?"

"Mi ò rí ẹnì kankan. Fóònù ni mò ń tẹ̀. Motọ́ ni mò ń kọ̀wé sí, àkókò ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ wò ó." Ó fi àtàǹpàkò kan ojú fóònù. Kò ṣí. Ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó tún fi kàn án. Fóònù kọ̀ jálẹ̀. Ó bá tẹ nọ́ńbà sí i, ó ṣí, ó nà án sí Àníkẹ́: *Olólùfẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?* Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Níta, nǹkan fọ́ gbàà. Wọ́n ti já pátákó Kamaldeen lulẹ̀. Bí Àníkẹ́ ò bá tètè sọ̀rọ̀, wọ́n á lu ọkùnrin yìí pa sójú ẹ̀.

Ó dá fóònù padà, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ Afọlábí sílẹ̀. Ó yí i sókè. Èèpá funfun kan wà lójú àtàǹpàkò rẹ̀.

"Kí nìyí, Tíṣà?"

Afọlábí rẹ́rìn-ín. "Ṣọ́ọ̀kì ni, Mà. Iṣẹ́ wa."

"Motọ́lání, bu omi wá."

Àníkẹ́ da omi sí ìka náà, ó fi aṣọ rin ín. Ó tún rin ín. Funfun náà ò kúrò. Ó fi èékánná họ ọ́, ó le koko.

"Kamaldeen, dìde wá wo nǹkan."

Kamaldeen wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí! Súpà gúlù lásán kì í funfun. Báékìn páúdà ló ń sọ ọ́ dà báyìí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Afọlábí.

"Ìṣẹ́gun wà lẹ́yìn," ni Àníkẹ́ wí, "o sún àga, o wọlé. Bí o ṣe pa láptọ́ọ̀pù dé láti gbé e, àtàǹpàkò rẹ bọ́ sórí gúlù tí kò tíì gbẹ. Ìdí nìyí tí fóònù rẹ ò fi mọ̀ ọ́ mọ́. O tì í sábẹ́ ìbéèrè ìdánwò, torí o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa tú u." Ó fa téèpù ya. Ó gbé ìwé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láptọ́ọ̀pù náà wà nísàlẹ̀.

Motọ́lání figbe ta. "Afọlábí! Ìwọ kẹ̀?"

"Mi ò ní bà á jẹ́." Omi ti dé ojú òun náà. "Mo fẹ́ dá a padà tí Mọ́ńdè bá ti kọjá. Motọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sin ìyàwó ẹ̀ dé pápákọ̀ òfurufú. Ọdún kẹfà rèé, obìnrin náà ò padà wá. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé kó o má lọ."

"O ò sì sọ ọ́."

Motọ́lání gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ó fẹ́ tàn án. Ìka Afọlábí ti fa iṣẹ́ Kamaldeen tu, hínjì tún ti yẹ̀. Bó ṣe ṣí i, ojú rẹ̀ ń ṣubú lọ sẹ́yìn, ọwọ́ Afọlábí sì nà jáde fúnra rẹ̀ láti dì í mú, bó ti máa ń ṣe.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ó ti láptọ́ọ̀pù náà sẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi fara ti ògiri. Ojú náà ò ṣubú mọ́. Ó gba fúláàṣì lọ́wọ́ Kamaldeen, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sínú rẹ̀, kò sì wẹ̀yìn nígbà tí Àníkẹ́ mú Afọlábí jáde.