Orí àti Òrí

"Ẹ tún un sọ, Ìyá Àgbà. Orí."

Ẹnu Ìyá Àgbà ti wọ́ sí apá kan. Ó tiraka títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde, ó rẹlẹ̀, ó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Ìgbà keje nìyẹn. Ó ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n." Kí Salimat tó gbójú kúrò lára fóònù, ìyá àgbà ti sùn lọ lórí àga.

Ará Ṣakí ni ìyá náà, ọlọ́hùn iyọ̀ ni. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a jókòó, oríkì ló fi ń jí Salimat nínú yàrá wọn ní Mafoluku. Bí bàálù bá ń pariwo kọjá, á dúró kó lọ tán, á tún bẹ̀rẹ̀: "Àdùkẹ́ mi, ọmọ a-sọ̀rọ̀-kódò-dákẹ́." Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣe ni màmá Salimat ń bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé omi ni? Ṣé ebi ni? Ṣé orí ni?" títí ìyá á fi mi orí.

Ìdí nìyí tí Salimat fi fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó máa gbọ́ ìyá àgbà, tó máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ketekete. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré ló máa mọ̀: omi, oúnjẹ, oògùn, orí, òrí tí wọ́n fi ń pa á lápá, àti àwọn yòókù. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé, tó ń kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Ire-Akari, ti là á yé e.

"Iṣẹ́ méjì la so pọ̀. Apá kan ń wo ohùn ní ègé kéékèèké, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Apá kejì ń rántí ègé tó ti kọjá, kó lè mọ̀ bóyá ohùn ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá fi kọ́ ọ nìkan ló máa mọ̀. Ohùn Màmá fúnra wọn ni, ogójì ìgbà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan."

Ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ, sì di ọ̀la.

"Ìwọ náà, Sali," ni Diamond, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wí. "Ta ló ń sín Ìyá Àgbà jẹ ní kíláàsì tá a fi ń rẹ́rìn-ín? Sín wọn jẹ sínú fóònù, ó parí."

"Ọ̀gá ní ohùn wọn gan-an ni."

"Ṣé ọ̀gá ń bá yín gbélé ni?"

Salimat wọ́ ẹnu sápá kan. Kí wọ́n tó pèrun Mùgùríbì, ó ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi díẹ̀ nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ dán ẹ̀rọ wò; nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, ó gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

"Ohùn Màmá gan-an nìyí?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ipò kejì ni wọ́n gbé nínú ìdíje náà. Nílé, ìyá àgbà sọ pé omi, ẹ̀rọ náà sọ pé omi. Màmá Salimat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà, kò bèèrè ìbéèrè kankan mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ìyá àgbà sọ̀rọ̀. "Òrí," ni ẹ̀rọ wí. Màmá Salimat bu òrí, ó fi pa á lápá. Ìyá tún sọ̀rọ̀, ó gbé ọwọ́ òsì dé ẹ̀yìn ọrùn. "Òrí." Wọ́n pa á lọ́rùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi lé ròrò lójú ìyá.

Ọkàn Salimat sọ fún un pé: bó bá jẹ́ orí ńkọ́? Ṣùgbọ́n bó bá bèèrè, àṣírí á tú. Ó dákẹ́. Màmá rẹ̀ kó aṣọ títà, ó lọ sí ọjà Aswani.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìyá àgbà ti ṣubú lórí àga.

"Ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ," ni dókítà wí nílé ìwòsàn. "Ṣé wọn ò sọ láàárọ̀ pé orí ń fọ́ wọn?"

"Rárá o, dókítà," ni màmá Salimat dáhùn. "Òrí ni wọ́n ń bèèrè."

Salimat dúró síbẹ̀, ó gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà kò kú. Ṣùgbọ́n kò lè fọhùn mọ́, kò sì lè mi orí. Salimat jẹ́wọ́ nílé. Màmá rẹ̀ kò lù ú, kò sì bú u. Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pẹ̀lú.

"O sín ẹnu wọn jẹ, o ò sín ohùn wọn jẹ," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀wálé wí. "Ohùn tìẹ ń gòkè, ó ń sọ̀, bíi ti ẹni tára rẹ̀ le. Tiwọn rẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń gbọ́ orí wọn ní òrí. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ Màmá rí. Ìwọ nìkan ló mọ̀."

"Ṣé a lè tún un kọ́, sà?"

"Pẹ̀lú ohùn ta?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ lè dé kó má bá ohunkóhun tó ṣe é tún ṣe mọ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá rọ̀ mọ́, ẹ má ṣe gba àbùjá níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbà á, ẹ tètè sọ nígbà tí ẹni náà ṣì lè gbọ́ yín, tó sì lè dá yín lóhùn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ìdákẹ́jẹ́ pa ẹni tó fẹ́ràn wa lára.