Owó Ọkọ̀ Ìyá Uswat

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mi ò mutí, ibà ò ṣe mí, ojú oorun kọ́ ni mo ti rí i. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ti kọjá. Mo fẹ́ kọ ọ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, torí mi ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú.

Olúṣẹ̀yẹ ni orúkọ mi, àmọ́ Bàbá Yẹmí ni wọ́n ń pè mí ní ilé tí mò ń gbé ní Ifákọ̀-Ìjàyè. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀: mo mọ lẹ́tà kọ. Tí ará ilé kan bá fẹ́ bẹ onílé, èmi ni. Tí ẹlòmíì bá ń wáṣẹ́, èmi náà ni. Láti ìgbà tí áàpù ìfowóránṣẹ́ sì ti dé, tí èèyàn lè kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀ rí pé kó fún òun lówó, iṣẹ́ mi ti pọ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n tọrọ. Wọ́n á kàn sọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn lu èèyàn bí ẹni sọ òkò. "Ọ̀gá, ẹ ṣe mí lóore, ebi ń pa mí." Ta ni ọ̀gá wọn? Ó máa ń bí mi nínú gan-an. Ẹ kí èèyàn ná. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ẹ má dárúkọ iye, torí ẹ ò mọ ohun tó wà lápò rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun náà. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́.

Hàmdálàt ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Télọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, ó máa ń tó oṣù méjì kó tó wálé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Uswat, ọmọ ọdún mẹ́fà, aláriwo, tó máa ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ìyá rẹ̀ tá á máa sáré káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Uswat ni gbogbo wa ń pe Hàmdálàt. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Uswat. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọsibítù ní ìfun ọmọ náà ti lọ́, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ kí ọjọ́ náà tó parí, ká lọ wá owó wá. A dá owó nínú ilé. Àlájà Sùlíyá, onílé wa, obìnrin tí kì í gbọ́ ẹkún kó má tọwọ́ bọ àpò, ló mú èyí tó pọ̀ jù wá. Síbẹ̀ kò pé.

"Bàbá Yẹmí, ẹ bá mi kọ ọ́," Hàmdálàt ní. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. "Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu, ẹ ò mọ̀ mí rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà ní ọsibítù, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, owó ò pé. Ọmọ yín ni. Ohunkóhun tí ẹ bá ní, ẹ fi ràn án lọ́wọ́. Ọlọ́run á bùkún yín."

"Ọmọ yín ni." Èmi ni mo fi gbólóhùn yẹn sí i. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ fún àgbà. Kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà méjìlélógún, ti àwọn tí a gbọ́ pé wọ́n máa ń ṣàánú èèyàn lórí fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, áláàtì wọlé. ₦187,500. Iye tó kù gan-an ni, kò lé, kò dín. A ò sì dárúkọ iye fún ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ owó náà, wọ́n kọ ọ́ pé: "Mo gbọ́. Báwo ni ọmọ mi?"

Hàmdálàt bú sẹ́kún ayọ̀. Mo ní kó dáhùn kíá, torí kò dáa kéèyàn gbowó kó dákẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ yín á yè, mà. Ẹ ṣeun." Mi ò mọ ohun tó mú un fi "mà" sí i. A sáré gba ọsibítù lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo tó wo ìwé ẹ̀rí owó náà dáadáa. Nọ́ńbà ẹni tó fi í ránṣẹ́ ò sí nínú méjìlélógún tí mo kọ̀wé sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi tí orúkọ máa ń wà, ohun tó wà níbẹ̀ ni ÌYÁ USWAT. A ò sì kọ orúkọ ọmọ sínú lẹ́tà.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Nígbà tí Uswat lajú, ó wo ìyá rẹ̀ títí. Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn oorun ló ń ṣe é, pé ó máa lọ.

Kò lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Uswat ò sáré mọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò. Tó bá fẹ́ mumi, á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ. "Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ bá màmá mi tọ́jú mi."

Hàmdálàt fà á mọ́ra. "Èmi ni màmá ẹ! Uswat, wò mí dáadáa, èmi ni!"

Ọmọ náà ò jà. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí kó tú òun sílẹ̀. Àánú Hàmdálàt hàn lójú rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé lójoojúmọ́. "Ṣé ọmọ mi ti jẹun?" "Ẹ wọ aṣọ òtútù fún ọmọ mi." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀wà." Ìgbà yẹn gan-an ni Uswat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́yìn, ẹ̀wà tó fẹ́ràn jù láyé tẹ́lẹ̀.

Hàmdálàt ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì, ó yáwó kún un, ó ní ká dá owó náà padà. Mo tún kọ lẹ́tà. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán ni. Ọmọ yìí ní ìyá." Owó náà ò lọ. Áàpù ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo pè é, wọ́n ní kò sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé fóònù kúrò létí ni èsì wọlé látorí nọ́ńbà kan náà.

"Mi ò bèèrè owó lọ́wọ́ yín."

Mo pa fóònù náà, mo sì jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì.

Lónìí, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ilé tó pa lọ́lọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá wà lẹ́yìn ilé wa, ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń kùn tọ̀sán-tòru, àfi ọjọ́ Àìkú. Tó bá ti dákẹ́, kò sóhun téèyàn ò ní gbọ́. Mò ń gbọ́ omi tó ń kán sínú garawa. Uswat jókòó sórí àpótí lẹ́bàá géètì. Ó ti wẹ̀. Ó wọ aṣọ Iléyá rẹ̀. Ó gbé àpò ilé-ìwé rẹ̀ lé ẹsẹ̀, àpò náà sì kún.

"Níbo lò ń lọ?"

"Màmá mi ní kí n múra, sà."

"Màmá ẹ wà nínú ilé."

Ó wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àgbà. "Rárá, sà. Màmá mi ò tíì rówó ọkọ̀ ni."

Fóònù mi dún lápò. "Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu, ẹ ò mọ̀ mí rí. Mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀, owó ọkọ̀ ni ò sí. Ohunkóhun tí ẹ bá ní, ẹ fi ràn mí lọ́wọ́. Ọlọ́run á bùkún yín."

Hàmdálàt ti jáde, ó kà á lẹ́yìn mi. "Ẹ má fi ránṣẹ́! Bàbá Yẹmí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́!"

Ìgbà náà ni fóònù kan dún ní yàrá kejì. Ti yàrá kẹta náà dún. Òmíràn dún ní ọ̀kánkán. Yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn.

A sáré. A ń gbá ilẹ̀kùn lójúlé-lójúlé. "Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i o!" Gbogbo wọn ló ní àwọn ti gbọ́. Ó ku òkè, níbi tí onílé ń gbé. Àlájà jókòó sórí ẹní ìkírun, awò wà lójú rẹ̀, ó ń gbé fóònù kalẹ̀.

"Kí lẹ ń sá fún?" Àlájà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi báyìí. Ó mọ̀ ọ́n tọrọ, ó wù mí. Ẹgbẹ̀rún méjì péré ni mo fi ránṣẹ́ sí i."

Hàmdálàt yí padà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti géètì pa. Mo fi tábìlì dí i. Hàmdálàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ láti ìgbà náà, ó fi apá méjèèjì di Uswat mú, èmi náà sì jókòó tì wọ́n, mò ń kọ èyí. Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Kẹ̀kẹ́ kan ti dúró níta. Mò ń gbọ́ ohùn obìnrin kan, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, ó ń ṣàdúrà fún un.

Uswat gbọ́ ọ. Ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ nu omi ojú Hàmdálàt.

"Ẹ tú mi sílẹ̀, mà. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà lọ́mọ."