Ẹ̀wù Sílíkì Tí Olúsànmí Já Gbà Lára Aya Rẹ̀

Olúsànmí ń gbé ní Wakefield, nílùú New York. Òwò ẹ̀wù àtijọ́ ló ń ṣe: ẹ̀wù sílíkì tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yúróòpù ń wọ̀ nídìí pẹpẹ láyé ọjọ́un. Àwọn olówó Manhattan a máa rà á gbé kọ́ ara ògiri.

Ọkàn rẹ̀ le. Bí ẹ̀wù kan kò bá tètè tà, á fi àlùmọ́gàjí gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, á sì máa ta ègé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlùfáà arúgbó kan bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó má gé ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sin Ọlọ́run. Olúsànmí gé e níṣojú bàbá náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Simbiat, aya rẹ̀, bá ní kí wọ́n gbàdúrà nílé, á ní, "Bá mi gbà á."

Simbiat ń tọ́jú àwọn arúgbó. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, tí yìnyín bo àdúgbò, tí hítà tó ń mú ilé wọn gbóná sì ti kú, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń gbọ̀n, ikọ́ kò jẹ́ kó mí. Ó ṣubú sórí àga, ó fa aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó fi bora. Ẹ̀wù àlùfáà ni, sílíkì pupa tí wọ́n fi òwú wúrà ya ẹyẹ sí lára. Oníbàárà ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Olúsànmí wọlé bá a. "Ìwọ! O fẹ́ fi òógùn ba ohun tó ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ jẹ́?"

"Òtútù ń pa mí, Dádì Lará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù."

"Ó dìgbà tí mo bá dé."

Ó já ẹ̀wù náà gbà. Ó wé e sínú bébà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Kò fi nǹkan kan bo aya rẹ̀. Ó jáde.

Lará, ọmọ wọn, ló bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó pe áńbúláǹsì. Ó pe baba rẹ̀ títí. Olúsànmí ti pa fóònù nítorí oníbàárà.

Nígbà tó fi máa dé ọsibítù, èémí aya rẹ̀ ti ń lọ sópin. Simbiat la ojú. Ó wò ó.

"Ṣé aṣọ náà ò bàjẹ́?"

Kò fi bú u. Ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ló ń bà á. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọṣọ fún òkú, Olúsànmí gbé sílíkì tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ wá. Lará dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Daddy, ẹ má fi kàn án. Òtútù ò mú un mọ́."

Olúsànmí jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Francis, tó bá Simbiat ṣiṣẹ́ pọ̀, wá jókòó tì í.

"Francis, èmi ni mo pa á."

Francis kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Bọ̀dá Sànmí, ẹ̀ṣẹ̀ yín tóbi. Sílíkì ò lè bò ó, ìjókòó iwájú ò lè bò ó. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́ nù."

"Èmi tí mo ṣí i sílẹ̀ fún òtútù?"

"Wọ́n bọ́ Jésù náà síhòòhò, wọ́n ń du aṣọ rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn tó bọ́ aṣọ lára rẹ̀ gan-an ló bẹ Baba pé kó dárí jì. Ẹ ké pè é."

Olúsànmí kúnlẹ̀ nínú yìnyín, níṣojú àwọn tó ń kọjá. "Jésù, apànìyàn ni mí. Gbà mí."

Jésù gbà á. Ó ti fi òwò náà sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti rọ̀. Ṣùgbọ́n Simbiat wà nínú ibojì, Lará kò sì tíì bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di òní.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, ta ló ń fi ẹ̀rù bá ọ gbé nínú ilé rẹ? Jésù tó gba apànìyàn yóò gbà ọ́, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ ti dọ̀tí tó. Àmọ́ òkú kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, lónìí, jẹ́wọ́ fún Olúwa. Bí o bá dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ.